Ìdí Tí Àwọn Ọ̀dọ́langba Fi Fẹ́ràn Ìwé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn kan nínú yín. Ẹgbẹ́ wa ti kọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ ìlú, a ti kan òrùlé rẹ̀, ohun tí ó kù ni ìwé. Ìgbìmọ̀ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà fi orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ rà hàn mí: ìwé ìṣirò, ìwé gírámà, ìwé sáyẹ́ǹsì, àti àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó ti kọjá. N kò rí àbùkù lára èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ọmọ ọdún 14 yóò gbé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí yóò máa fi iná fóònù kà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti ní kí ó lọ sùn. Nígbà tí mo béèrè pé, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńkọ́, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dá mi lóhùn pé owó ìlú kò wà fún ìwé olè àti ìwé apànìyàn. Èsì bàbá náà ni mo mú wá síwájú yín lónìí, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí àwọn tí kò kà á rí. Ẹnì kan ṣe ibi ní ìkọ̀kọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó jí owó, ó sì lè jẹ́ pé ó pa ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó rí i. Ẹlòmíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí wá a, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, bí kò ṣe pẹ̀lú ojú tí ń wò, etí tí ń gbọ́ àti ọpọlọ tí ń rò. Ó rí ipasẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rí bọ́tìnì tí ó já sílẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnì kan tí kò bá ti ẹnì kejì mu. Àwa tí a ń kàwé ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, gbogbo ohun tí ó rí ni àwa náà rí. Ní ìparí, ó sọ ẹni tí ó ṣe é àti bí ó ti ṣe é. Ará Amẹ́ríkà kan, Edgar Allan Poe, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ irú ìtàn yìí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ní 1841. Ní 1887 oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Arthur Conan Doyle mú Sherlock Holmes jáde, ó sì jẹ́wọ́ pé ọ̀gá òun kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, Joseph Bell, ni òun wò kọ ọ́. Nítorí pé ọ̀gá náà a máa wo aláìsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, a sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí aláìsàn náà tó la ẹnu.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni nǹkan yìí jẹ́ sí wa. Àwa tí a ti dàgbà mọ̀ pé oríṣi àlọ́ méjì ni wọ́n ń pa fún wa lálẹ́. Ọ̀kan ni àlọ́ onítàn, tí Ìjàpá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, tí àwa ọmọdé sì ń gbe orin rẹ̀. Èkejì ni àlọ́ àpamọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń fi ṣáájú láti fi jí ọpọlọ. Wọ́n á ní, ta ní ń bá ọba jẹun tí kì í kó àwo? Gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Olorì ni bí? Àrẹ̀mọ ni bí? Rárá, ojú gbogbo àwọn wọ̀nyí ni a ti wò. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá rántí eṣinṣin. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: a ti kó gbogbo àwọn ẹni ńlá tí a lè fura sí sọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni kékeré tí kò sí ẹni tí ó kà á kún, tí ó sì wà lójú gbogbo wa láti àárọ̀, òun ni ìdáhùn. Bí ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, àfi pé tirẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ojú ìwé. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Nídìí àlọ́ àpamọ̀, kò sí ẹni tí ń bi ọmọ léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni ó mọ̀ ọ́n, ìbáà ṣe àbíkẹ́yìn ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ó wà láàrin ọdún 12 sí 18. Kì í ṣe ọmọdé mọ́, nítorí a ń rán an lọ sí ọjà, a ń fi àbúrò rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ṣe àṣìṣe a ó ní ojú kò tì í, àgbà bí tirẹ̀. Kò sì tíì di àgbà, nítorí bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá délẹ̀ a ó ní kí ó bọ́ síta. Ọmọ yìí mọ̀ dájú pé nǹkan wà nínú ilé tí a kò sọ fún òun. Kí ló dé tí bàbá àti ẹ̀gbọ́n bàbá kì í fi jẹun pọ̀? Ta ni obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá àgbà, tí kò sí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀? Kí ni wọ́n ń sọ lóru àná tí wọ́n fi dákẹ́ nígbà tí òun wọlé? Bí ó bá béèrè, a ó ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òtítọ́ ni òwe náà ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ọmọ náà bi. Nítorí náà ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò máa so ọ̀rọ̀ àná mọ́ ti òní, yóò sì máa wo ojú àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Kí ó tó ka ìwé kankan, ó ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ìwé ni ó wá wí fún un pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í ṣe àfojúdi, pé ìbéèrè bíbi lè jẹ́ iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ayé inú ìwé náà yàtọ̀ sí ayé inú ilé: níbẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Olówó á dáhùn, olóyè á dáhùn, agbẹjọ́rò á dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì purọ́, irọ́ náà yóò hàn kí ìwé tó parí. Mo gbà pé èyí ni gbòǹgbò ìfẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ní sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ju ìjà àti ìbọn lọ. Àwọn tí ń sọ pé ìfẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fa ọmọ sí i kò tíì jókòó ti ọmọ tí ń kà á. Kì í ṣe ojú ìwé tí wọ́n ti pa ènìyàn ni ọmọ náà máa ń padà sí. Ojú ìwé tí ẹnì kan ti purọ́ ni.

Àwọn òǹkọ̀wé pàápàá mọ̀ pé àdéhùn wà láàrin àwọn àti ẹni tí ń kàwé. Ní 1929 àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ irú ìwé yìí, gbé òfin 10 kalẹ̀ fún un. Lára wọn ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ rí àmì kan kí ó fi pamọ́ fún òǹkàwé, pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀daràn náà, àti pé kò sí ààyè fún iwin tàbí agbára àìrí kankan. Ní 1930 àwọn òǹkọ̀wé kan, tí Agatha Christie wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Detection Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń mú kí ẹni tí yóò wọ ẹgbẹ́ náà búra pé làákàyè ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òun yóò fi mú ọ̀daràn, kì í ṣe ìran rírí, kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ọdún 4 ṣáájú ìgbà náà, ní 1926, ìwé Christie tí ń jẹ́ The Murder of Roger Ackroyd ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí àwọn kan sọ pé ó rẹ́ àwọn jẹ ní ìparí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀. N kò ní sọ ẹni tí ó pa Ackroyd, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń wá olè láyé àtijọ́ yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Láyé ìgbà náà, bí nǹkan bá sọnù nínú agbo ilé, a lè lọ bi Ifá léèrè, a sì lè mú kí gbogbo ilé fi irin búra. Ìmọ̀ ńlá ni, n kò sì wá síbí láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tí yóò di babaláwo fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 kò lè ṣe é. Tirẹ̀ ni kí ó dúró kí ó gbọ́ ohun tí a rí. Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tí ọmọ lè tètè kọ́, òun ni ọgbọ́n ọdẹ. Ọdẹ á wo ilẹ̀, á ní ẹtu ni ó kọjá níhìn-ín, ó ń tiro ẹsẹ̀ kan, kò sì tíì jìnnà. Ohun tí ó fi mọ̀ ọ́n wà nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí ìgbẹ́ lè rí ipasẹ̀ náà kí bàbá tó rí i, bàbá náà kò sì ní bínú, inú rẹ̀ á dùn ni. Ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú ìwé tí mo ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí a ti fi gbogbo ọgbọ́n náà lé ọmọdé lọ́wọ́, ẹ bá mi dé ilẹ̀ Jámánì díẹ̀. Ní 1929 Erich Kästner kọ ìwé kan nípa ọmọkùnrin tí ń jẹ́ Emil, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe irun fún àwọn ènìyàn kí àwọn méjèèjì tó jẹun. Ìyá náà fi owó 140 máàkì lé e lọ́wọ́ bí ó ti ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Berlin. Kí owó náà má baà sọnù, Emil fi pínnì so ó mọ́ inú ẹ̀wù rẹ̀. Oorun gbé e lọ nínú ọkọ̀ ojú irin; nígbà tí ó jí, owó kò sí mọ́, ọkùnrin tí ó jókòó sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì sí mọ́. Ó rí ọkùnrin náà ní ìgboro, àwọn ọmọ ìgboro Berlin sì pé jọ láti ràn án lọ́wọ́: àwọn kan ń ṣọ́ olè náà, àwọn kan ń jíṣẹ́, ẹnì kan jókòó ti tẹlifóònù nílé. Nígbà tí wọ́n ká ọkùnrin náà mọ́ inú báńkì, ó ní owó òun ni owó náà. Emil ní kí wọ́n wo ó dáradára: ihò pínnì wà lára rẹ̀. Ihò pínnì lásán! Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí kò mọ apá ibi tí Jámánì wà, gbogbo wọn ni wọ́n fò sókè nígbà tí a dé ibi ihò pínnì. Ní 1933, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dáná sun ìwé Kästner ní gbangba ní Berlin, tí òun fúnra rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ tí ó ń wò, wọn kò fi Emil sí i. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ẹ̀sùn tí bàbá wa fi kan àwọn ìwé wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Ní Amẹ́ríkà ní 1914, Franklin Mathiews, ẹni tí ó jẹ́ olórí ètò ìwé fún ẹgbẹ́ Boy Scouts, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé ìwé olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọkùnrin ń kà ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Edward Stratemeyer ni ọ̀gá àwọn tí ń ṣe irú ìwé náà jáde, kò sì jáwọ́. Ní 1930 ilé iṣẹ́ rẹ̀ mú Nancy Drew jáde, ọmọbìnrin ọdún 16 tí ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀, tí ó sì ń tú àṣírí tí àwọn àgbà kò rí ojútùú rẹ̀. Carolyn Keene ni orúkọ tí ó wà lára ìwé náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mildred Wirt ni ó kọ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé kò gbà á sórí pẹpẹ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wá gbọ́. Obìnrin 3 tí ó kọ́kọ́ di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ni Sandra Day O'Connor ní 1981, Ruth Bader Ginsburg ní 1993 àti Sonia Sotomayor ní 2009. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti sọ pé àwọn ka Nancy Drew nígbà èwe àwọn. Sotomayor sọ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an ni òun fẹ́ dà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àìsàn àtọ̀gbẹ tí ó ní kò ní gbà á láàyè, ó yíjú sí iṣẹ́ amòfin. N kò wí pé ìwé ni ó sọ wọ́n di adájọ́. Mo kàn ń bi bàbá wa léèrè pé, ta ni nínú wọn ni ìwé náà sọ di olè?

Mo padà wálé, nítorí ọ̀rọ̀ èdè wa ni ó gbé mi dìde. Ní 1938, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà jáde, ọdẹ ni ó fi ṣe akọni, igbó àwọn irúnmalẹ̀ sì ni ọdẹ náà wọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni ó sì ti ibẹ̀ mọ ìwé kà. Nígbà tí yóò fi di 1969, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú Àjà Ló Lẹrù jáde, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ti dàgbà, wọ́n sì ti kúrò nínú igbó iwin, wọ́n wà ní ìgboro níbi tí àwọn ènìyàn gidi ti ń ṣe ibi. Òkédìjí fún wọn ní Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, àti Tàfá Ìgìrìpá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Ní 1971 kan náà ni Kọ́lá Akínlàdé gbé Ta Ló Pa Ọmọọba? jáde, Owó Ẹ̀jẹ̀ sì dé ní 1976. Ẹ gbọ́ bí orúkọ ìwé yẹn ti ń dún: Ta Ló Pa Ọmọọba? Ìbéèrè àlọ́ ni.

Àwọn méjèèjì kò jọra. Ẹni tí ó bá ń ka Òkédìjí kò ní rí àyè mí: ìjà, eré sísá, ọkọ̀ tí ń lé ọkọ̀, àti Yorùbá tí ó ki bí ọbẹ̀ ilá, tí òwe ń tẹ òwe lẹ́sẹ̀. Akínlàdé fara balẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Akin Olúṣínà, a jókòó ti ènìyàn, a béèrè, a gbọ́, a sì lọ wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ti Òkédìjí jù fún adùn èdè, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n yan ọ̀kan fún ọmọ tí kò tíì ka ìwé Yorùbá rí, ti Akínlàdé ni n óò kọ́kọ́ fún un.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ bí ojú wọn ti ń rí nígbà tí olùkọ́ Yorùbá bá wọlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún kan mo pinnu pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì n óò máa ka Ta Ló Pa Ọmọọba? sí wọn létí, orí kan lẹ́ẹ̀kan, n kò sì ní jẹ́ kí ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí kì í kọ ju ìlàjì ojú ìwé lọ bí mo bá fún wọn ní àròkọ. Mo ní kí wọ́n kọ ẹni tí wọ́n fura sí àti ìdí rẹ̀. Ó kọ ojú ìwé 4. Ẹni tí ó tọ́ka sí kọ́ ni ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ó kó ẹ̀rí jọ débi pé èmi tí mo mọ ìparí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ní kí ó túmọ̀ òwe kan tí ọ̀kan nínú àwọn afurasí pa, nítorí ó rò pé ibẹ̀ ni ó ti tú ara rẹ̀ fó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà àtiṣe láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni nìyẹn. Nínú ìwé mìíràn, ọmọ a máa fo òwe. Yóò fo àpèjúwe, yóò fo ọ̀rọ̀ tí kò yé e, yóò sì dé ìparí láìmọ ohun tí ó kà. Nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò jẹ́ fò ó, nítorí ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni àṣírí wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ di ẹ̀rí. N kò mọ irú ìwé mìíràn tí ó ń mú kí ọmọ ọdún 15 ka èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí agbẹjọ́rò ti ń ka ìwé ilẹ̀.

N kò sọ pé àwọn ìwé wa wọ̀nyí kò ní àléébù. Nínú àwọn tí mo kà, mo rí ibi tí ọ̀daràn ti ń jẹ́wọ́ gùn-ún-gùn-ún nígbà tí ẹ̀rí kò tíì ká a mọ́, mo sì rí ibi tí oríire ti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọpọlọ ṣe. Ohun tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Lápàdé, ọkùnrin, Olúṣínà, ọkùnrin. Ọmọbìnrin ojú ìwé 4 tí mo sọ yẹn kò rí ẹni tí ó jọ ọ́ nínú ìwé tí ó fẹ́ràn, àfi ẹni tí a ń jí gbé tàbí ẹni tí ń sunkún. Bí òǹkọ̀wé kan bá wà láàrin àwọn ọmọ ìlú yìí, nílé tàbí lókè òkun, iṣẹ́ ń dúró dè é: kí ó fún wa ní ọmọbìnrin ọdún 16 kan tí ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ní irú ìlú bí tiwa, tí ó mọ ẹni tí ó ń parọ́ ní ọjà nítorí pé òun náà ń bá ìyá rẹ̀ ta ọjà.

Ní ti ẹ̀rù tí ó ń ba bàbá wa, mo mọ̀ pé ìwé burúkú wà. Ìwé wà tí kò ní ìbéèrè kankan nínú, tí ó jẹ́ pé pípa ni ṣáá, tí wọ́n sì ń fi ọ̀daràn hàn bí akọni. Ohun tí mo fi ń yẹ ìwé wò kò ṣòro: mo ń bi ara mi pé bí a bá yọ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, ǹjẹ́ ohun tí a fẹ́ mọ̀ ṣì kù níbẹ̀? Bí ó bá kù, ẹ rà á. Bí kò bá kù, ẹ fi í sílẹ̀. Mo sì ti mú ẹ̀dà ìwé Akínlàdé kan wá fún bàbá wa, tí mo fi bébà wé. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ kà á kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ń gbé òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti sọ fún mi pé àwọn ọmọ yín ń gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì lè kà á. Ẹ má ṣe fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ kà á. Wọn kò ní kà á. Ẹ kà á sí wọn létí, orí kan ní alẹ́ kan, kí ẹ sì pa ìwé dé ní ibi tí ó bá dùn jù. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá a ní ibòmíràn, ẹ má bi ẹnikẹ́ni.

Alága wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ nínú yàrá ìkàwé náà fún ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí a fi ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ girama kún ìgbìmọ̀ tí ń yan ìwé, kí wọ́n sì ní ìbò. Kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ máa yá ìwé náà lọ sílé, nítorí kì í ṣe ìwé tí a ń kà ní aago 4 ọ̀sán lójú alábòójútó. Kò rọrùn láti rí àwọn ìwé Yorùbá wọ̀nyí rà. Ilé ìtàwé 3 ni mo yà sí ní Ìbàdàn kí n tó rí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní Àjà Ló Lẹrù, tàbí Àgbàlagbà Akàn, tàbí èyíkéyìí nínú ìwé Akínlàdé nílé, tí ó ti ń kó eruku láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Bí èèpo rẹ̀ bá ti ya, a ó lẹ̀ ẹ́. Kí ó kàn wò ó bóyá ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.